Orin Mẹ́ta Tí Kò Kúrò Létí Wa

Ní abala yìí, ó ti di ìṣe wa láti mú ìwé kan, àṣà kan tàbí ọ̀rọ̀ kan wá síwájú yín, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé ni a mú wá, orin ni. Kì í sì í ṣe orin tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó ní Kútọnu. Orin àtijọ́ mẹ́ta ni, tí a ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ilẹ̀ kì í mọ́, ilẹ̀ kì í ṣú, kí a má gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá parí, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé wa kọ́kọ́ ráhùn, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, ní báyìí àwọn náà ti ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fọ abọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí wà tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò wa kan, ọmọ ìyá wa gan-an, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gun alùpùpù rẹ̀ láti Pọ́bẹ̀, ó ń bọ̀ ní Kétu. Òjò ṣú, ó sì ń sáré kí ó lè délé kí ó tó rọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìtan iná. Àbúrò wa kò rí i títí ó fi kọ lù ú. Ẹlẹ́dàá yọ ọ́, ẹ̀mí kò lọ, ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ dá sí méjì. Wọ́n fi irin fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lórí ibùsùn, wọ́n sì ní kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Gbogbo yín ni ẹ mọ bí ilé ìwòsàn wa ti rí. Ẹbí aláìsàn ni í wẹ̀ fún un, òun ni í fún un ní oúnjẹ, òun ni í gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí í sì í sáré lọ ra oògùn. Ìyàwó rẹ̀ ń jókòó tì í ní ọ̀sán. Ní alẹ́, tí a bá ti parí iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwa ni a ń gba ipò rẹ̀, a ó sì di ìwé ìdánwò àwọn ọmọ mọ́ abíyá lọ síbẹ̀. Òru ilé ìwòsàn gùn ju òru ilé lọ. Ìrora kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn, ìkérora rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ń ṣọ́ ọ sùn. Ní òru kẹta, a fa fóònù wa yọ, a fi ẹnu okùn ìgbọ́rọ̀ kan sí etí rẹ̀, a fi èkejì sí etí tiwa. Báyìí ni orin ṣe bẹ̀rẹ̀.

Orin kìíní ni «Blewu», orin Bella Bellow. Àwọn àgbà tí ń ka ìwé yìí kò nílò àlàyé. Àwọn ọ̀dọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ní Tsévié, ní ilẹ̀ Tógò, ni a ti bí obìnrin yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1945. Ní ọdún 1966, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun ni ó lọ kọrin ní orúkọ ilẹ̀ Tógò níbi àjọ̀dún àgbáyé iṣẹ́ ọnà àwọn adúláwọ̀ tí a ṣe ní Dakar. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ wò. Kì í pariwo. Kì í fipá gba etí ẹni. Ó dà bí ẹni tí ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ náà ti sunkún tán. Èdè Mina ni ó fi kọ ọ́, èdè tí àwọn ará etí òkun ń sọ láti Aného títí dé Grand-Popo, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbọ́ ní Kútọnu. Ìtumọ̀ «blewu» ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní sùúrù, láìkánjú.

Ibùsùn mẹ́jọ ni ó wà nínú yàrá tí wọ́n tẹ́ àbúrò wa sí. Ní òdì kejì, obìnrin kan ń tọ́jú ìyá rẹ̀ arúgbó, ará Grand-Popo ni wọ́n. A rò pé àwa nìkan ni a ń gbọ́ orin náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé a ti ń fi imú kọ ọ́ láìmọ̀. Obìnrin náà dìde, ó wá bá wa, ó béèrè pé níbo ni a ti mọ orin ìyá òun. Àwa kò gbọ́ Mina dáadáa, òun náà kò gbọ́ Yorùbá. Faransé ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. A kò ní torí pé a ń ṣọ̀fọ̀ èdè wa kí a gbàgbé oore tí Faransé ṣe wá ní òru ọjọ́ náà. Ó bẹ̀ wá kí a yọ okùn kúrò, kí orin náà lè dé ọ̀dọ̀ ìyá òun. A yọ ọ́. A rọra gbé fóònù náà sórí fèrèsé. Ìyá arúgbó tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mi ètè. Ohùn kò jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà ni ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé, kò sì fo ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó dúró, kò sọ fún wa pé kí a pa á.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ti gbé orin yìí dé iwájú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun àgbáyé kìíní parí, àwọn olórí orílẹ̀-èdè pé jọ sí abẹ́ Arc de Triomphe ní Paris. Angélique Kidjo, tí a bí ní Ouidah ní ọdún 1960, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ni ó dìde láti kọrin ìrántí fún àwọn ọmọ Áfríkà tí wọ́n jagun fún Faransé. Nínú gbogbo orin tí ó mọ̀, «Blewu» ni ó mú. Ní àárín gbùngbùn ìlú àwọn tí wọ́n fi dandan kó àwọn bàbá ńlá wa lọ sójú ogun, èdè Mina ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì dákẹ́ títí ó fi parí.

Ohun kan wà tí a kò sọ fún àbúrò wa ní òru yẹn, tí a fi pamọ́ títí ara rẹ̀ fi yá díẹ̀. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ni Bella Bellow kú sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1973, ọkọ̀ tí ó gbé e ní ìjàǹbá ní ilẹ̀ Tógò. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó kọrin pé kí ayé rọra ni ayé kò rọra fún. Nígbà tí a sọ ọ́ fún àbúrò wa nígbẹ̀yìn, ó wo irin tí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ó sì ní kí a tún orin náà bẹ̀rẹ̀.

Orin kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó béèrè fún un. Ó ní kí a wá orin Gnonnas Pedro tí bàbá wa fẹ́ràn. A wá a, a rí i: «Fẹ̀sọ̀ jayé». Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àbúrò wa bú sẹ́rìn-ín, itan rẹ̀ dùn ún, ó di orí ibùsùn mú. Nígbà tí ìrora náà rọlẹ̀, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé èmi gan-an ni bàbá yìí ń bá wí.» A kò lè dá a lóhùn, nítorí àwa náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní Lokossa ni a bí Gnonnas Pedro ní ọdún 1943, ní Kútọnu ni ó sì kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2004. Òun ni ó mú agbadja, ìlù àti ijó àwọn ará Mono àti ti Tógò, tí ó fi gìtá àti fèrè sí i, tí gbogbo ilé ijó fi ń jó o. Láti ọdún 1995, ó di ọ̀kan nínú àwọn olórin Africando, ẹgbẹ́ tí ó so ohùn àwọn ará Áfríkà pọ̀ mọ́ ìlù sálísà. Ó kọrin ní Mina, ní Aja, ní Faransé, ní èdè Sípéènì àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì kọrin ní Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lokossa kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó fi dandan mú ọkùnrin yìí pé kí ó fi èdè wa kọrin. Kì í ṣe òun nìkan pẹ̀lú. Orchestre Poly-Rythmo, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní ọdún 1968, kọrin ní Fọ̀n, ní Mina, ní Faransé, wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Lójú tiwa, ìdí rẹ̀ kò farapamọ́. Èdè wa ni èdè ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọjà ní Dantokpa tàbí ní Àjàṣẹ́, tí ó bá sì fẹ́ kí àwo òun dé Èkó, ó mọ̀ pé Yorùbá yóò ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ. Ẹni tí ó bá yan «fẹ̀sọ̀» nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́jà mọ ohun tí ó ń rà.

Nítorí pé fẹ̀sọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ẹni tí ń fẹ̀sọ̀ ń ṣiṣẹ́; ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ojú rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń ṣe. Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Wọ́n tún ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ èyí ju tíṣà lọ. Àbúrò wa ṣàlàyé fún wa lórí ibùsùn rẹ̀ pé bí òun bá ń fi ayùn la pákó, tí òun bá kánjú, ayùn yóò ṣáko kúrò lójú ìlà, pákó náà yóò sì di igi ìdáná. Ó ní òun ti ń fẹ̀sọ̀ la pákó fún ogún ọdún, òun kò mọ ìdí tí òun kò fi fẹ̀sọ̀ gun alùpùpù.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, a gbé orin méjèèjì lọ sí kíláàsì. A kọ «blewu» sí ojú pátákó, a kọ «fẹ̀sọ̀» sí abẹ́ rẹ̀, a sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ bí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ náà nílé rẹ̀. Ọmọ Fọ̀n kan ní «dɛdɛ». Ọmọ Ìdàáṣà kan sọ tirẹ̀. Ariwo sọ, inú wọn dùn. Ó wá kan ọmọ kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ará Kétu. Ó ní «doucement». A ní kí ó sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó sì dáhùn pé: «Je comprends, mais je ne parle pas.»

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka apá Faransé ìwé ìròyìn yìí ni ó ti sọ gbólóhùn yìí rí. A kò fẹ́ bá yín wí. Ẹni tí ó wà nínú ilé gíláàsì kan náà pẹ̀lú yín kò gbọdọ̀ sọ òkò. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní «signal». Ní ilé-ìwé tiwa, egungun ẹran tí a so mọ́ okùn ni. Ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ń fi kọ́ lọ́rùn. Òun náà yóò máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣèèṣì, kí ó lè gbé e fún un. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá lu agogo ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ ẹgba. Láàárín ọdún méjì, a ti gbọ́n. A kò sọ Yorùbá mọ́ ní ilé-ìwé, nígbà tí ó sì yá, a kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ mọ́ nílé. A ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí a tó jókòó kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Lónìí, ẹ̀yin ń ka ohun tí a kọ, ẹ sì ń pè wá ní onímọ̀ èdè. Ẹ gbọ́ ìtàn orin kẹta kí ẹ tó tún pè wá bẹ́ẹ̀.

Orin kẹta kò sí lórí àwo kankan. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ó wà. Àbúrò bàbá wa kan ni ó gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀fẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Kétu, nígbà tí a ṣì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ó sì gba ohùn sílẹ̀ títí téèpù fi tán. Nígbà tí ó kú, kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí ìyá wa. Ìyá wa náà papò dà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ni ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè yí i sórí fóònù kí ó tó bàjẹ́ pátápátá.

Fún àwọn tí wọ́n dàgbà sí ìlú ńlá: ẹ̀fẹ̀ ni alẹ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọ̀sán. Ní ọ̀sán, ijó àti ère ni a ń wò. Ní alẹ́, etí ni iṣẹ́ wà fún. Àwọn ọkùnrin ni í gbé ère sórí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ìyá ni a ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀, kí inú wọn lè dùn, kí ìlú lè tòrò. Ẹ̀fẹ̀ yóò dúró ní gbàgede, yóò lé orin, àwọn èrò yóò sì máa gbè é títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Yóò súre, yóò kìlọ̀, yóò sì fi ẹni tí ó ṣe ohun tí kò tọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Kì í dárúkọ ènìyàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí yóò mọ ara rẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò sì mọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí iyebíye láàárín àwọn àjogúnbá aláfẹnusọ ọmọnìyàn, ní ọdún 2008 ó sì wọ inú àkójọ àjogúnbá àgbáyé náà, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ni ó ń jẹrà nínú kásẹ́ẹ̀tì ní abẹ́ aṣọ ìyá wa.

A jẹ́wọ́ fún yín pé kì í ṣe nítorí ẹni tí ń lé orin ni a ṣe ń gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́túngbọ́. Nítorí ègbè ni. Láàárín àwọn obìnrin tí ń gbè é, ìyá wa wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ tinrín díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù, bí ẹni tí kò fẹ́ kí gbólóhùn náà tán. Bí orin náà bá ti wọ ìṣẹ́jú kẹrin, a ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ègbè tí ó gbẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Kò sí ibòmíràn tí ohùn ìyá wa kù sí ní ayé.

Orin náà sọ ìtàn bàbá kan tí ó ta ohun kan kí ọmọ rẹ̀ lè lọ sí ilé-ìwé òyìnbó. Láti ọdún pípẹ́, ohun tí etí wa gbọ́ ni pé ó ta ọkọ̀. A rò pé olówó kan ni, tí ó ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ìmọ̀, tí ẹ̀fẹ̀ sì ń yìn ín. Inú wa máa ń dùn sí i. A tilẹ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, pé àwọn ẹléfẹ̀ Kétu pàápàá yin ẹ̀kọ́ ìwé.

Ní òru kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a fi orin náà sí etí àbúrò wa, a sì ń sọ fún un bí bàbá ọlọ́kọ̀ yẹn ti gbọ́n tó. Ó yí ojú padà, ó wò wá. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ọkọ́ ni, kì í ṣe ọkọ̀. Ta ni ó ní ọkọ̀ ní abúlé wa nígbà yẹn?»

Ọkọ́ ni. Bàbá náà ta ọkọ́ rẹ̀, irinṣẹ́ tí ó fi ń roko, tí ó fi ń jẹun. Ọmọ náà lọ, ó kàwé, ó padà wálé pẹ̀lú kálámù. Kò lè roko, kò lè kí àna rẹ̀ bí ó ti yẹ, ìwé tí ó kà kò sì hù ní oko. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyìn kọ́ ni ẹ̀fẹ̀ ń yìn. Ó ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, bàbá àti ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé téèpù tí ó ti gbó ni ó fa àṣìṣe náà. Lóòótọ́, kásẹ́ẹ̀tì náà ń hó, ohùn sì ń wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé orin Yorùbá kì í ya ọ̀nà tirẹ̀ lọ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin yóò gòkè, ibi tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, orin yóò sọ̀ kalẹ̀. Ohùn ẹlẹ́fẹ̀ náà gòkè. Ó ń gòkè láti ọjọ́ tí a ti gbà á sílẹ̀. Etí àbúrò wa gbọ́ ọ, tiwa kò gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni orí kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni àwa méjèèjì wà.

A ní láti sọ ìyókù. Nígbà tí àkókò tó láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, owó tí ó wà nílé kò tó ọmọ méjì. Àwa ni àgbà, àwa ni a lọ. Àbúrò wa parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó gba ọkọ́, ó tẹ̀ lé bàbá lọ sóko fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó rí ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò gbà á. Nínú àwọn ọdún yẹn ni wọ́n kọ orin náà. Ìyá wa, tí ó ń ta epo pupa láti san owó ilé-ìwé wa, dúró ní gbàgede Kétu ní àárín òru, ó ń gbe orin tí ń fi irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì mọ̀. A béèrè lọ́wọ́ àbúrò wa bóyá inú rẹ̀ kò bàjẹ́ nígbà náà. Ó ní: «Màmá? Òun ni ó gbe orin náà sókè jù. Ó ní bí ènìyàn bá ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ẹ̀fẹ̀, tí ó sì rẹ́rìn-ín, ó ti bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.»

A kò sùn mọ́ ní òru yẹn. Ẹ̀rín tí a ti ń pè ní ẹ̀rín ayọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ara rẹ̀ ni ó ń fi rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ àti àwa. Ó mọ ohun tí ó tà. Ó tà á síbẹ̀.

Kí ni a wá fẹ́ kí ẹ ṣe? A kò ní gùn ún jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà kan bá ń kọrin nílé yín, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ ní fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ fi orin náà fún un gbọ́, ẹ béèrè ìtumọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Àwa ní ohùn ìyá wa lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin, a kò sì mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun gbọ́ ṣùgbọ́n òun kì í sọ ọ́, ẹ má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà, kí ó má baà tún dákẹ́ sí i. Orin rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀, ojú kì í tì í láti gbe orin. Ọmọ kíláàsì wa tí ó ní «doucement» ti ń kọ «Fẹ̀sọ̀ jayé» láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, ó wá béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí, Yorùbá ni ó sì fi béèrè.

Ní ti àwa, a padà sí kíláàsì, a sì sọ fún àwọn ọmọ pé irọ́ ni a pa fún wọn nípa bàbá ọlọ́kọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wa ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, tí ó gbọ́ «Blewu» lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ni í máa ń pe ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e bí ó bá fẹ́ yára lórí àtẹ̀gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwa àti òun máa ń jókòó, a ó ṣí ìwé ọmọ ilé-ìwé kan sílẹ̀, a ó tan kásẹ́ẹ̀tì náà, òun yóò máa pe ọ̀rọ̀, àwa yóò máa kọ ọ́, a ó sì fi àmì sí i. A ti kọ ojú ewé mẹ́ta. Gbólóhùn kan wà ní ìdajì tí òun náà kò gbọ́ yé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti lè dúró lórí ilẹ̀ dáadáa, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ní Kétu. A kò kánjú. Ṣùgbọ́n a kò ní pẹ́ jù, nítorí àwọn tí wọ́n gbè é ní alẹ́ ọjọ́ náà kò pọ̀ mọ́.